Ṣé O Mọ̀? Inú Ìyàtọ̀ Ẹnu ni Èdè ti Ń Yí Padà

Ṣé o mọ̀ pé ìró kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọ́n máa pa, títí òkú fi pé 42,000? Ìtàn náà wà nínú Bíbélì, ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí kejìlá. Àwọn ará Gílíádì dí ìwọdò Jọ́dánì, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọjá pe "Ṣíbólẹ́tì". Ará Éfúráímù, ọ̀tá tí wọ́n ń wá, kò lè pe ṣ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. S ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un.

Ṣé o ṣàkíyèsí pé ìró méjì yẹn gan-an, s àti ṣ, la fi ń dá ọmọ Ìbàdàn mọ̀? "Isu" ni ọ̀pọ̀ wọn ń pe iṣu, "sé" ni wọ́n ń pe ṣé. Àwa kò pa ẹnikẹ́ni, ẹ̀rín la fi ń rín wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ odò Jọ́dánì àti ẹ̀rín wa: kí ló dé tí àwọn tí wọ́n gbọ́ ara wọn yé kì í pe ọ̀rọ̀ bákan náà, báwo sì ni pípè kan ṣe ń borí èkejì títí èdè yóò fi yí padà? Ó ti tó igba ọdún tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń jiyàn lé e lórí.

Ṣé o mọ̀ pé inú ilé ìtajà ni ọ̀kan nínú ìdáhùn tó lágbára jù ti jáde? Ní 1962, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan, William Labov, wọ ilé ìtajà ńlá mẹ́ta ní New York. Saks jẹ́ ti olówó, Macy's jẹ́ ti àwọn tí wọ́n wà láàárín, S. Klein jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Á kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń tà ní àjà kẹrin, á wá bi òṣìṣẹ́ kan pé níbo ni òun ti lè rí i. Kò sí bí onítọ̀hún kò ṣe ní sọ pé "fourth floor", r sì wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Labov á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, òṣìṣẹ́ náà á tún un sọ ketekete. Lẹ́yìn náà ni Labov á yà sí kọ̀rọ̀ láti kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ 264 ló bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ní Saks, 62 nínú 100 ló pe r náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ní Macy's, 51. Ní Klein, 20.

Òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn, kì í ṣe oníbàárà. Síbẹ̀ bí oníbàárà wọn ṣe rí ni ẹnu wọn rí. Ní Macy's, ìgbà tí wọ́n bá ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ, tí wọ́n ń kíyè sí ẹnu ara wọn, ni r wọn ń pọ̀ sí i gan-an. Kí Labov tó dé, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ nípa irú r bẹ́ẹ̀ ni pé kò ní ìlànà, pé bó bá wu ẹnu á pè é, bí kò bá wù ú á fò ó. Iṣẹ́ Labov fòpin sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyàtọ̀ ní ètò. Ẹni tí kò rí ètò náà kò tíì kà á ni.

Ṣé o mọ̀ pé ìfẹ́ ilé lè yí fáwẹ́lì padà? Ní 1961, Labov ti wà ní Martha's Vineyard, erékùṣù kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Lọ́dọọdún, nígbà ooru, àlejò á ya bo ibẹ̀, wọn á sì máa ra ilé mọ́ àwọn onílùú lọ́wọ́. Labov gbọ́ pé fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀ bíi "right" àti "house" ti ń padà sí pípè àtijọ́ kan tó ti fẹ́ parẹ́. Kì í ṣe àwọn arúgbó ló pọ̀ lẹ́nu wọn jù. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 31 sí 45 ni, pàápàá àwọn apẹja Chilmark. Ọ̀dọ́ tó ti pinnu pé òun kò ní kó kúrò ní erékùṣù ń pè é bẹ́ẹ̀. Èyí tó fẹ́ lọ wá iṣẹ́ ní ìlú ńlá kò pè é bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ohun kan yàtọ̀ lẹ́nu àwọn.

Ìwádìí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó fi hàn pé ènìyàn kì í kàn jogún ẹnu bí ó ṣe jogún imú. Ibi tí ọkàn rẹ̀ wà ni ẹnu rẹ̀ ń tọ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìwé tó ṣe pàtàkì jù nípa àyípadà èdè kú kí ìwé náà tó jáde? Uriel Weinreich ni. Ó kú ní 1967, ẹni 40 ọdún péré. Òun, Labov àti Marvin Herzog ló jọ kọ ọ́, ó sì jáde ní 1968. Àwọn mẹ́ta yìí pín ìbéèrè náà sí márùn-ún. Irú àyípadà wo ló ṣeé ṣe? Ọ̀nà wo ni èdè ń gbà kọjá láti ìhà kan sí èkejì láìjẹ́ pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò gbọ́ ara wọn mọ́? Báwo ni àyípadà kan ṣe so mọ́ ìyókù èdè àti mọ́ àwùjọ? Ojú wo ni àwọn ènìyàn fi ń wò ó? Ìkarùn-ún ló le jù, ó sì ṣì le títí di òní: kí ló dé tó fi jẹ́ ibí yìí ni, tó fi jẹ́ àkókò yìí ni, tí èdè mìíràn tó wà ní ipò kan náà kò sì yí padà?

Ṣé o mọ̀ pé Jacob Grimm tó bá àbúrò rẹ̀ kó àlọ́ àwọn ará Jámánì jọ ni ẹni kan náà tó to òfin ìró kan lẹ́sẹẹsẹ ní 1822? Níbi tí Látìnì ti ní p, Gẹ̀ẹ́sì ní f: pater àti father, piscis àti fish. Níbi tí Látìnì ti ní t, Gẹ̀ẹ́sì ní th: tres àti three. Rasmus Rask, ará Dẹ́máàkì, ti rí i ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò tẹ̀lé òfin yìí, wọ́n sì ń yọ àwọn onímọ̀ lẹ́nu, títí ará Dẹ́máàkì mìíràn, Karl Verner, fi ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1870 pé àwọn náà ní òfin tiwọn: ibi tí wọ́n ti ń tẹ ohùn mọ́ ọ̀rọ̀ ní ayé àtijọ́ ló pinnu rẹ̀.

Èyí ló ki àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kan láyà ní Leipzig. Ní 1878, Hermann Osthoff àti Karl Brugmann kéde pé bí ìró kan bá ń yí padà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìró náà ti wà ní ipò kan náà ló máa kàn. Òfin ìró kì í yọ ẹnì kan sílẹ̀. Àwọn àgbà bínú. Àmọ́ ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn là la ṣì ń tọ̀ bí a bá fẹ́ mọ̀ pé èdè méjì jẹ́ ọmọ ìyá.

Dán an wò pẹ̀lú Igala, ìbátan wa tó wà lẹ́bàá ibi tí odò Náíjà àti Bẹ́núè ti pàdé. Wọ́n ń kà á ní èjì, ẹ̀ta, ẹ̀fà, ẹ̀jọ. Ìwọ náà gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀wá, wọ́n ní ẹ̀gwá. Ìró gw àtijọ́ ti di w lẹ́nu tiwa, ó sì dúró lẹ́nu tiwọn. Femi Akinkugbe ló fi irú àfiwé báyìí ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978, ó to Yorùbá, Itsekiri àti Igala síwájú ara wọn. Ṣáájú ìyẹn, ní 1967, Abiodun Adetugbo ti pín ẹ̀ka-èdè wa sí agbègbè ńláńlá: àríwá-ìwọ̀-oòrùn, gúúsù-ìlà-oòrùn àti àárín. Ní gúúsù-ìlà-oòrùn, níbi tí Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ wà, ìró gh ṣì wà níbi tí Ọ̀yọ́ ti sọ ọ́ di w.

Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé-ìwé torí ó ní "ulé"? Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi fáwẹ́lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Igala ń ṣe é. "Unyí" ni wọ́n ń pe ilé. Ẹni tó bá ní àṣìṣe ni "ulé" gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa bí àwọn tó ti yà kúrò lára wa láti ìgbà láéláé ṣe ń ṣe àṣìṣe kan náà. Ó máa ń dùn mí gan-an nígbà tí olùkọ́ bá na ọmọ nítorí ìró tó lè jẹ́ ogún àwọn baba ńlá gbogbo wa.

Ṣé o mọ̀ pé àwòrán igi tí a fi ń ya ẹbí èdè kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn? August Schleicher ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀: ìdí kan, ẹ̀ka méjì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tún yà. Ní 1872, Johannes Schmidt ní rárá. Ó ní àyípadà máa ń tàn kálẹ̀ láti orísun rẹ̀ bí ìgbì tí òkúta dá sílẹ̀ nínú adágún, ìgbì kan sì máa ń kọjá lórí èkejì. Ẹni tó bá ti rìn láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ifẹ̀, Iléṣà, Adó-Èkìtì títí dé Ọ̀wọ̀, tó ń tẹ́tí sí àwọn ènìyàn, á mọ ohun tí Schmidt ń sọ. Kò sí ibi kan tí ẹnu ti já.

Ní 1876, Georg Wenker bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbólóhùn ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ ní agbègbè odò Rhine, kí wọ́n yí i sí èdè ìlú wọn. Ó rò pé òun á rí ààlà kan gbòógì láàárín ẹ̀ka-èdè méjì. Ṣùgbọ́n ààlà fún "ich" gba ibì kan, ti "machen" gba ibòmíràn, ti "Dorf" àti "das" tún yà sọ́tọ̀.

Edmond Edmont ńkọ́? Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Oníṣòwò ni, etí rẹ̀ ló mú. Jules Gilliéron fún un ní ìwé ìbéèrè, ó sì gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ilẹ̀ Faransé láti 1897 sí 1901, ó dé ìlú àti abúlé tó lé ní 600. Ohun tó kó bọ̀ mú kí Gilliéron gbà pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ará Leipzig ní òfin ni, Gilliéron ní ìtàn ni. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì gbọ́ òótọ́: ibi tí wọ́n dúró sí ló yàtọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 21 kan sọ nípa ìró tí etí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, ẹ̀rí sì dé lẹ́yìn ikú rẹ̀? Ferdinand de Saussure ni. Ní ìparí ọdún 1878, ó wo bí fáwẹ́lì ṣe ń yí ara wọn padà nínú àwọn èdè Yúróòpù àti Íńdíà, ó ní ìró kan ti ní láti wà níbẹ̀ tó ti nù. Ó kú ní 1913. Ní 1927, Jerzy Kuryłowicz fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ Hittite, tí wọ́n hú jáde láti inú ilẹ̀ Tọ́kì, ní ìró h ní àwọn ibi kan tó ní kó wà gan-an.

Ṣé o mọ̀ pé èdè tí kò ní ohùn lè di olóhùn? Àwa tí a bí sínú ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni èdè olóhùn ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní 1954, ọmọ Faransé kan, André Haudricourt, ṣàlàyé bí èdè Vietnam ṣe ní tirẹ̀. Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, kò ní ohùn kankan. Àwọn kọ́ńsónáǹtì kan wà ní ìparí ọ̀rọ̀ nígbà náà. Bí wọ́n ṣe ń jábọ́, bí fáwẹ́lì ṣe ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ nìkan ló kù láti fi ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ohùn mẹ́ta dé. Nígbà tó yá, àwọn kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, irú b àti p, irú d àti t, bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ara wọn. Ohùn kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, ó di mẹ́fà. Mẹ́fà náà ni wọ́n ń lò ní Hanoi lónìí.

Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe wà lẹ́nu tìrẹ náà. Ní àwọn ọdún 1970, Jean-Marie Hombert fi ẹ̀rọ wọn ohùn àwọn tó ń sọ Yorùbá. Ó rí i pé fáwẹ́lì tó tẹ̀lé g máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀ ju èyí tó tẹ̀lé k lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn kan náà la fi sórí wọn. Nínú Yorùbá, wéré ni ìyàtọ̀ kékeré yẹn ń parẹ́, torí ohùn ti ní iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe. Ní èdè tí kò ní ohùn, ó ní àyè láti dàgbà. Ó sì ń dàgbà lójú wa báyìí ní Seoul: kọ́ńsónáǹtì tí àwọn ìyá àgbà ń fi èémí yà sọ́tọ̀, gíga ohùn ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń yà á, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló sì ṣíwájú.

Òdìkejì rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èdè wa fúnra rẹ̀. Nínú Lucumí, èdè orin àti ẹbọ tí àwọn ọmọ wa gbé dé Kúbà, ètò ohùn mẹ́ta kò dúró lẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè Spéìn lójoojúmọ́. Òrìṣà di "oricha", àṣẹ di "aché". Ìdí rẹ̀ rọrùn: èdè Spéìn tiwọn kò ní ṣ, ch ló sún mọ́ ọn jù. Ní Bràsíl, èdè Pọtogí ní ṣ, x ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Nítorí náà "orixá" àti "axé" ṣì ní ìró náà. Weinreich tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1953: ẹni tó ń sọ èdè méjì ni ilé tí èdè méjì ti ń pàdé, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kọlu ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀wọ̀ lè dáàbò bo gírámà? Ní púpọ̀ nínú ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà fún "ẹ" àti "wọ́n". Bí a bá gbọ́ ọ láìmọ ẹni tí a ń bá wí, a lè má mọ̀ bóyá ẹ̀yin ló wá ni tàbí àwọn. Ọ̀yọ́ kò da méjèèjì pọ̀. Àlàyé kan tí àwọn onímọ̀ ti mú wá ni pé Ọ̀yọ́ ń fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀, ó sì ń fi "wọ́n" sọ̀rọ̀ nípa àgbà tí kò sí níbẹ̀. Bí méjèèjì bá dàpọ̀, ẹni tó ń kí bàbá rẹ̀ àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn á máa lo ọ̀rọ̀ kan náà. Àṣà di odi fún arọ́pò-orúkọ.

Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. "Thou" ni wọ́n fi ń pe ẹnì kan tẹ́lẹ̀, "you" jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti ọ̀pọ̀ bu ọlá fún ẹnì kan, bí a ti ń ṣe. Ọlá náà tàn débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gba "thou" mọ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, takú pé gbogbo ènìyàn, títí kan adájọ́, ni àwọn á máa pè ní "thou". Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí àfojúdi, wọ́n sì fi ìyà jẹ wọ́n. Ní 1960, Roger Brown àti Albert Gilman kọ̀wé pé ipá méjì ló ń fa irú ọ̀rọ̀ yìí: agbára tí ẹnì kan ní lórí èkejì, àti ìsúnmọ́ra. Ìwọ wo ẹni tí ò ń pè ní "o" báyìí tí ó jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, kí o sì wò ó bóyá ìsúnmọ́ra ni.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yà ara rẹ kún inú gírámà? Orí wà nínú lórí, inú wà nínú nínú, ẹ̀yìn wà nínú lẹ́yìn. A ń gbé létí odò, à ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìlú wà lẹ́sẹ̀ òkè. Kò sẹ́ni tó ń rántí etí gidi nígbà tó bá ní ilé òun wà létí ọjà. Antoine Meillet ló fún ọ̀nà yìí lórúkọ ní 1912: ọ̀rọ̀ tó dá dúró máa ń fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì wá di irinṣẹ́ gírámà. Bernd Heine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọ̀nà orí-àti-ẹ̀yìn yìí nínú ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, láàárín àwọn tí kò bá ara wọn tan rárá. "Pas" tí àwọn Faransé fi ń sọ pé rárá, ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé tíọ́rì tó lókìkí jù nípa èdè ní ọ̀rúndún tó kọjá mọ̀ọ́mọ̀ ti ìyàtọ̀ sápá kan? Ní 1965, Noam Chomsky kọ ọ́ pé ẹni tí tíọ́rì rẹ̀ ń wò ni ẹni tó mọ èdè rẹ̀ pérépéré, tó ń gbé láàárín àwùjọ tí ẹnu gbogbo wọn rí bákan náà. Ó ní ìdí rẹ̀: ohun tó wà nínú orí ọmọ ènìyàn ló ń wá. Àmọ́ mi ò tíì gbọ́ orúkọ ìlú náà rí. Àwọn tó tẹ̀lé e, bíi David Lightfoot ní 1979, wá fi ọmọdé ṣàlàyé àyípadà. Ọmọ kì í gba gírámà lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ ló fi ń kọ́ tirẹ̀ láti ìpilẹ̀. Bí ohun tó ń gbọ́ bá yí díẹ̀, gírámà tí ó máa kọ́ lè fò jìnnà sí ti ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rí ńlá fún wọn wá láti Nikarágúà. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n kó àwọn ọmọ odi tí wọ́n ti ń dá gbé nílé jọ sí ilé-ìwé ní Managua. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní èdè àfọwọ́sọ. Àwọn fúnra wọn dá a sílẹ̀ láàárín ara wọn, àwọn kékeré tó dé lẹ́yìn ló sì fún un ní ètò tó jinlẹ̀ ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n lọ.

Àgbà ńkọ́? Ṣé ẹnu àgbà kì í yí mọ́? Jonathan Harrington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Kérésìmesì tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ń sọ lọ́dọọdún, ti àwọn ọdún 1950 títí dé 1980. Ní 2000, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé fáwẹ́lì ọbabìnrin ti sún lọ sọ́dọ̀ ti àwọn aráàlú gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó sún. Bí ẹnu ẹni tó wà láàfin lè sún, ta ni tirẹ̀ kò ní sún?

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí o bá mọ̀ díẹ̀ lè yí ẹnu rẹ padà ju ẹni tí ẹ jọ ń jẹun lọ? James àti Lesley Milroy ló rí i ní Belfast. Àdúgbò tí ìbátan, iṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ ti so gbogbo ènìyàn pọ̀ máa ń di ẹnu ìbílẹ̀ mú. Ẹni tó wà létí àwùjọ méjì, tí kò wọlé pátápátá sí èyíkéyìí, ló sábà máa ń gbé pípè tuntun wọlé. Oladipo Salami lo irú ojú ìwòye yìí ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1991.

Ṣé o mọ̀ pé lílò máa ń pa ọ̀rọ̀ mọ́? Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, àwọn onímọ̀ ka ọ̀rọ̀-ìṣe 177 tí kò tẹ̀lé ìlànà. Nígbà tó yá, 145 ló kù. Lónìí, 98 ni. Ìwádìí tó jáde ní 2007 fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí a ń lò ní ìlọ́po 100 ju èkejì lọ máa ń pẹ́ ní ìlọ́po 10 kó tó yí padà. Ṣùgbọ́n lílò kan náà ń jẹ ara ọ̀rọ̀: "ẹ kú àárọ̀" ti di "ẹ káàárọ̀" lẹ́nu wa, "oní ọ̀run" sì ti di Ọlọ́run tipẹ́. Ohun tí ahọ́n mọ̀ dáadáa, ó máa ń gé e kúrú.

Ṣé o mọ̀ pé olùkọ́ Látìnì kan to àṣìṣe 227 kalẹ̀, kí wọ́n má baà wọlé? Ìwé Appendix Probi ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí ènìyàn sọ pé "oculus", kó má sọ pé "oclus". Kó sọ pé "speculum", kó má sọ pé "speclum". Lónìí, ojú ni "occhio" lẹ́nu ará Itálì, dígí sì ni "specchio". Inú àṣìṣe wọ̀nyẹn ni wọ́n ti jáde. Àkójọ náà wúlò fún wa púpọ̀, torí ohun tó kọ̀ ló jẹ́ ká mọ bí ẹnu àwọn ènìyàn ṣe rí.

Àkọtọ́ tiwa náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ìwé àtijọ́ ń kọ "aiye" àti "enia". Àtúnṣe tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 mú wa dé ayé àti ènìyàn. Orúkọ ìlú bíi Aiyetoro ṣì di ti àtijọ́ mú.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà méjì la lè gbà mọ̀ pé àyípadà ń lọ lọ́wọ́? Èkíní, kí a gbọ́ baba àgbà, baba àti ọmọ lọ́jọ́ kan náà. Bí ìró kan bá ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń kéré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àyípadà ló ń rìn. Labov lo èyí gan-an. Ìkejì lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro: kí a rí àkọsílẹ̀ àtijọ́, kí a fi wé ti òní.

Àwa ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Freetown, níbi tí wọ́n ti ń sọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú kalẹ̀, ọmọ Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìyìn rere, Sigismund Koelle, jókòó ti àwọn ènìyàn láti inú èdè tó lé ní 150. Ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tó lé ní 200, ó sì kọ bí ó ti pẹ́ tó tí onítọ̀hún ti kúrò nílé. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1854, ọgbọ̀n ọdún kí Bíbélì Yorùbá tó pé lódindi. Ọ̀yọ́ nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀tà wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjùmú, Owóró, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó, Itsekiri àti Igala, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lórí ara wọn. Ọmọ Yàgbà tàbí Ìjùmú tó bá ṣí i lónìí, tó pe ìyá rẹ̀ àgbà sí ẹ̀gbẹ́, lè ka ọ̀rọ̀ náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó sì máa bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe èyí nílé wa.